OpenWrt lórí ráútà: ojú ewé LuCI àti iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́ rẹ̀

Ohun tó wù mí jù nínú OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ fún ráútà tó ti wà láti ọdún 2004, ni pé kì í fi iṣẹ́ inú rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó ni ráútà. Bí mo bá tẹ 192.168.1.1, àdírẹ́sì ráútà náà, sínú bùráwúsà, uhttpd, ètò kékeré tó ń gbé ojú ewé wẹ́ẹ̀bù jáde, ni yóò gbé LuCI, ojú ewé tí a fi ń ṣètò ráútà, wá. Ṣùgbọ́n LuCI kì í ṣe ọ̀gá, akọ̀wé lásán ni. Ohun tí mo bá yí padà níbẹ̀ ni yóò kọ sínú àwọn fáìlì tó wà ní /etc/config, kí ètò netifd tó tún ìsopọ̀ tò, kí ètò dnsmasq sì máa pín àdírẹ́sì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà. Nígbà kan tí mo ṣi àdírẹ́sì ráútà náà kọ, ráútà náà dúró dè mí fún ìṣẹ́jú àáyá 90; nígbà tí bùráwúsà mi kò lè kàn sí i mọ́, ó dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ara tù mí o! Ojú ewé fáyawọ́ọ̀lù, ààbò tó ń yan ohun tó lè wọlé tàbí jáde, nìkan ni mo bá wí: àlàyé ránpẹ́ tó wà níbẹ̀ kò tó fún ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín input (ohun tó ń wọ inú ráútà fúnra rẹ̀) àti forward (ohun tó kàn ń gba inú ráútà kọjá lọ síbòmíràn) tẹ́lẹ̀.