Ètò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta fún Olùkọ́ Yunifásítì: Ibi Tó Ti Yọrí àti Ibi Tó Kù Sí

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ni ní yunifásítì kí ẹnikẹ́ni tó jókòó láti wo bí mo ṣe ń ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rí nìyẹn: a gba oyè ọ̀mọ̀wé nítorí ìwádìí tí a ṣe, wọ́n sì fa kíláàsì lé wa lọ́wọ́, bí ẹni pé ẹni tó bá ti mọ nǹkan ti mọ bí a ṣe ń fi kọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ṣe fún àwọn olùkọ́ yunifásítì. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ, àtèyí tó dùn mọ́ mi àtèyí tó dùn mí, kan ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀, ó sì lè ran ẹni tó fẹ́ sanwó fún ọ̀kan lọ́wọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí owó mi ṣòfò ni ìdánrawò tí a ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní àti ní ọjọ́ kejì. Wọ́n pín wa sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù kọ́ àwọn mẹ́rin yòókù ní ohun kan ṣoṣo láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kámẹ́rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí èèyàn bá parí, àwọn tó kọ́ yóò sọ ohun tó yé wọn àti ibi tó ti rú wọn lójú, òun náà yóò wo fídíò ara rẹ̀, yóò lọ tún ẹ̀kọ́ náà tò, yóò sì tún un kọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1963 ni Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tó gbé e ró kò ju èyí lọ: ẹ̀kọ́ kúkúrú, èèyàn díẹ̀, kí wọ́n tètè sọ ohun tí wọ́n rí fún ọ, kí o sì tún un ṣe kí ó tó tutù.

Físíìsì ni iṣẹ́ mi. Mo yan ìdí tí ọkọ̀ ojú omi onírin fi ń léfòó nígbà tí ìṣó kékeré ń rì, nítorí mo rò pé ẹ̀kọ́ tó rọrùn ni. Lójú ara mi, mo kọ́ ọ dáadáa: mo ya àwòrán sí pátákó, mo béèrè ìbéèrè mẹ́rin, mo sì parí kí àkókò tó pé. Nígbà tó kan àwọn ẹgbẹ́ mi láti sọ̀rọ̀, ìyá kan tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ òfin fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ bi wá ní ìbéèrè mẹ́rin, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.” N kò gbà á gbọ́ títí mo fi wo fídíò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Mo béèrè, mo yíjú sí pátákó, ìdáhùn sì ti ń jáde lẹ́nu mi kí ẹnikẹ́ni tó rí àyè la ẹnu. Olùdarí ẹgbẹ́ wa dá fídíò náà dúró lórí ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó: ó ti gbé ọwọ́ dé àárín àyà, ó fẹ́ nà án sókè, ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ padà. Mélòó nínú irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi láti ọdún mọ́kànlá?

Ibẹ̀ ni olùdarí náà ti sọ fún wa nípa Mary Budd Rowe, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó fetí sí bí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n fi sùúrù dúró tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, iye àwọn tó ń dákẹ́ sì dínkù. Lọ́jọ́ kejì mo tún kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Mo béèrè ìdí tí ìṣó fi ń rì, mo sì pa ẹnu mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà wúwo létí mi. Mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn mi. Ẹnìkan wá ní nítorí pé ìṣó wúwo ni. Ẹlòmíràn kọjú sí i: “Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Ṣé òun kò wúwo ju ìṣó lọ ni?” Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ láàrin wọn. Nígbà tí mo fi máa sọ pé omi tí nǹkan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ká wò, pé ikùn gbòòrò ọkọ̀ lè ti omi tí ìwúwo rẹ̀ tó ti ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó rì, tí ìṣó kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn ti dé ìdajì ọ̀nà. Àkókò tó, n kò parí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Síbẹ̀, ohun tó yé wọn pọ̀ ju ti àná lọ fíìfíì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní kò dé ibẹ̀ rárá. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni ẹnìkan fi ka síláìdì fún wa lórí ewu tó wà nínú kí olùkọ́ nìkan máa sọ̀rọ̀. Ó dùn mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dára, ẹ̀rí rẹ̀ sì lágbára. Ó mẹ́nu kan ìwádìí 225 tí Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò pọ̀ ní 2014 lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì: ní kíláàsì tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 34 nínú 100 ló ń fìdí rẹmi, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kópa, wọn kò ju nǹkan bí 22 lọ. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí wọ́n gbé síwájú wa kí a jọ jiyàn lé e lórí, kí oníyèméjì sọ tẹnu rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n sáré kọjá lórí rẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó ti àtòjọ ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ó máa fi kọ èròǹgbà ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n fà yọ láti inú ìpele ìmọ̀, láti orí rírántí nǹkan dé orí ṣíṣe ìdájọ́ lé e, tí Benjamin Bloom, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1956. Kò sí ohun tó burú nínú àtòjọ náà, àmọ́ ìwé ojú kan ni. A lè kà á nílé.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn kí n tó lọ ni ti èrò púpọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 300 ló máa ń jókòó níwájú mi. Ọjọ́ kẹta dáhùn rẹ̀ dé ìwọ̀n àyè kan. Wọ́n fi ọ̀nà tí Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, bẹ̀rẹ̀ ní 1991 hàn wá. Olùkọ́ gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin, olúkúlùkù yan tirẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kálukú gbìyànjú láti yí aládùúgbò rẹ̀ lọ́kàn padà, wọ́n tún yàn lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà náà ni olùkọ́ tó wá ṣàlàyé. Ìka ọwọ́ tí a gbé sí àyà ni a fi dìbò, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà wo ti ẹni iwájú. Kò gba ẹ̀rọ kankan. Wọ́n tún kìlọ̀ fún wa, mo sì dúpẹ́ fún ìkìlọ̀ náà, pé ìwádìí kan tó jáde láti Harvard ní 2019 fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó kópa nínú ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kàn gbọ́ àsọyé lọ, síbẹ̀ àwọn gan-an ló rò pé àwọn kò kọ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣàlàyé èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìkùnsínú wọn sì ti dínkù.

Ibi tí ètò náà ti já mi kulẹ̀ jù lọ ni ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ṣèlérí pé ẹnìkan yóò wá jókòó sí kíláàsì kọ̀ọ̀kan wa lẹ́ẹ̀mejì kí sáà tó parí. Ìwé ẹ̀rí tètè dé, ṣùgbọ́n olùbẹ̀wò kò dé. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn ń ṣètò rẹ̀ lọ́wọ́. Títí sáà fi parí, n kò rí ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àṣà ọdún mọ́kànlá kì í fi ọjọ́ mẹ́ta kúrò lára èèyàn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ti tún ń dá ara mi lóhùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún irú ètò yìí, ẹ béèrè wákàtí mélòó tí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi kọ́ni níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò bẹ̀ yín wò lẹ́yìn rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò wá. Bí wọn kò bá lè dárúkọ ẹni náà, ẹ gbà pé kò sí. Olùkọ́ tuntun ni mo lè rọ̀ jù láti lọ, kí àṣà tó ta gbòǹgbò, àmọ́ àgbà nínú iṣẹ́ tó bá lè fara da wíwo fídíò ara rẹ̀ yóò rí nǹkan mú bọ̀. Ní tèmi, ọjọ́ kejì nìkan tó owó tí mo san. N ó tún lọ bí wọ́n bá mú ìlérí ìbẹ̀wò náà ṣẹ.

Ní báyìí, èmi àti ìyá onímọ̀ òfin yẹn ti ń bẹ kíláàsì ara wa wò. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́, wọ́n sì ń fa ìlà kan ní gbogbo ìgbà tí mo bá dáhùn ìbéèrè ara mi. Ìlà mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n fún mi kẹ́yìn ní méjì.