Oògùn tó ń jowú: Lévothyrox, àti famasí méjì tí mo ti rà á ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Lévothyrox, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú tìróídì (ẹṣẹ́ ọrùn) tí kò ṣiṣẹ́ tó: mẹ́rin nínú márùn-ún. Famasí àkọ́kọ́: ẹyọ kan, torí pé ṣéńjì mi pé. Famasí kejì, èyí tó wà lápá ọ̀tún bí èèyàn bá ti Ouando mú ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́: márùn-ún. Ì bá jẹ́ mẹ́fà ká ní wọ́n ní àga.

Àńkárá ni mò ń tà ní ọjà Ouando. Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru ń yan gbogbo Àjàṣẹ́ bí àgbàdo, èmi nìkan ni mo wọ súwẹ́tà jókòó ní ìsọ̀. Ohùn mi ki. Oníbàárà kan pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún Màmá." Ojú mi á wú láàárọ̀, awọ ara mi gbẹ bí èèpo ẹ̀gẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ di ogun, nǹkan oṣù mi ò dá mọ́. Mo sì ń sanra, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò wù mí jẹ. Àwọn tá a jọ ń tajà ní owó ló ti dé. Ẹnìkan ní palu, ìyẹn ibà, ni. Nílùú wa, kí ni kì í ṣe palu? Ẹnìkan rọra tẹnu bọ̀ mí létí pé kí n wo ẹ̀yìn mi wò, pé ayé ni. Ọjọ́ tí oorun gbé mi lọ lẹ́yìn zemidjan (ọ̀kadà), tí ọmọkùnrin tó ń wà á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi pé, "Màmá, ẹ dì mí mú o," ọjọ́ yẹn ni mo tó lọ rí dókítà.

Ó fọwọ́ tẹ ọrùn mi wò, kò bá gẹ̀gẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún TSH. Ó yẹ kó wà láàárín 0,4 sí 4. Tèmi jẹ́ 38. Àlàyé tó ṣe yé mi yéké: ẹṣẹ́ kan wà níwájú ọ̀fun tó rí bí labalábá, tìróídì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa yára sí. Tèmi ń tòògbé. TSH ni igbe tí wọ́n ń ké sí i láti abẹ́ ọpọlọ pé kó jí. Bí igbe bá ṣe ń ròkè, ẹ mọ̀ pé olóorun ò dáhùn nìyẹn. Àlàyé yẹn dùn mọ́ mi. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kò dùn: pé àfàìmọ̀ kí n má máa lo oògùn yìí títí ayé mi. Mo ní, "Títí ayé, Dókítà? Ọkọ tuntun lẹ fẹ́ fún mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ 50 microgram.

Famasí àkọ́kọ́, n kò ní dárúkọ wọn. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gba ìwé dókítà, ó ju àpótí sínú ọ̀rá, ó ní, "Ẹyọ kan láàárọ̀." Ó tán. Owó rẹ̀ kò tó owó àdìẹ kan, n kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àárọ̀ tèmi: ògì gbígbóná tí mo bu mílíìkì sójà (ẹ̀wà sóyà) sí, hóró irin tí wọ́n ti fún mi tẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, kí n wá fi ògì kan náà lé oògùn tuntun lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo ń dúró de àlàáfíà. Mo padà sí labo (owó labo ló ń dunni, ó ju owó oògùn lọ fíìfíì), TSH sọ̀ láti 38 sí 29. Mo jókòó sínú ọgbà labo, mo sunkún díẹ̀.

Àpótí mi tán, famasí àkọ́kọ́ ní "rupture", pé oògùn ti tán lọ́wọ́ àwọn. Bí mo ṣe dé èkejì nìyẹn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ awò ojú ló dá mi lóhùn. Kó tó wá oògùn rárá, ó bi mí pé, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń lò ó?" Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí, àní dókítà pàápàá. Mo ròyìn ògì mi. Ó gbọ́wọ́ lérí. Ó ní, "Ẹ̀hẹ́ẹ̀n! Màmá, oògùn yìí ń jowú o."

Ó ní inú òfìfo ló fẹ́ bá, omi lásán ni kí n fi gbé e mì, kí n sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bó bá lè tó wákàtí kan ó sàn jù, kí n tó fi nǹkan kan sẹ́nu. Kọfí kò gbọdọ̀ bá a pàdé. Sójà ń dí i lọ́nà. Irin àti kálísíọ́ọ̀mù ńkọ́? Ó kéré tán, wákàtí mẹ́rin láàárín wọn. Ó fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn àpótí: OMI NÌKAN. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń wúkọ́ kí n lè mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Kò dá wọn lóhùn títí ó fi parí.

Ẹ gbọ́, mo mọ irú ìwà yẹn. Ìyá mi ni ìyálé nílé wa. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kí bàbá wa láàárọ̀ kóun tó kí i. Bóun bá ti kí i tán, kí gbogbo ilé wọlé, kò kàn án. Láti ọjọ́ yẹn, ìyálé ni mò ń pe hóró funfun kékeré yìí. Mo gbé hóró irin lọ sí ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, pẹ̀lú 50 kan náà, TSH di 9. Dókítà sún un sí 75. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 2,8.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ ńkọ́? Àkọ́kọ́, ó lọ́ra. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò lára, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í tún TSH yẹ̀ wò kó tó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tó kọ́kọ́ bọ̀ sípò, ẹ má bínú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ súwẹ́tà. Ohùn mi padà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ọ̀rá ara? Kílò mẹ́ta péré ló lọ. Ẹni tó bá ń retí kó tín-ín-rín, kó má fi oògùn yìí retí ẹ̀. Èkejì, wọ́n kọ ọ́ sára àpótí pé ooru ibi tí wọn yóò fi í sí kò gbọdọ̀ ju 25 lọ. Ní Àjàṣẹ́? Àárín aṣọ nínú àpótí mi ni mo fi tèmi sí, jìnnà sí ilé ìdáná. Ẹ̀kẹta, nígbà míì 50 kì í sí, ẹ ó lo 25 méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé sọ fún mi pé ní 2017 wọ́n yí ohun tí wọ́n fi ń po hóró náà padà lọ́hùn-ún, wọ́n yọ lactose, wọ́n fi mannitol àti citric acid dípò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì fẹjọ́ sùn pé ara àwọn ò gbà á. Torí náà bí wọ́n bá fún mi ní àpótí tí n kò mọ̀ rí, mo máa ń béèrè.

Nígbà ààwẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Dókítà ní mo lè lò ó kí n tó sùn, bó bá ti tó wákàtí mẹ́ta tí mo jẹun, tàbí kí n lò ó kí sààrì tó dé. Ta ló ń fi ẹnu sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta lálẹ́ ààwẹ̀ nílé wa? Mo yan sààrì: mo jí ní aago mẹ́rin, mo gbé e mì, mo fi ìdúró náà kí nàfílà, lẹ́yìn náà ni mo jẹun.

Màmá ọkọ mi gbé àgbo wá. Mo kúnlẹ̀ gbà á, mo dúpẹ́, ó ṣì wà lórí pẹpẹ. Obìnrin mìíràn tún wà tó ń gbé oògùn nínú abọ́ lórí kọjá níwájú ìsọ̀ mi lójoojúmọ́, oòrùn ń sè é. Ó ní òun lè bá mi wá tèmi. Mo ní kó wá ra àńkárá.

Bí ẹ bá lọ sí famasí kejì, ẹ lọ kó tó di aago méjìlá. Ọmọbìnrin awò ojú kì í sí níbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹni tó ń gba ipò rẹ̀ kì í béèrè nǹkan kan. Ẹ sì jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ó dúró pẹ́ lórí ìdúró.