Kátálíìsì mi nínú àpò oúnjẹ ẹja mi: àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ìkòròdú

Ǹ bá má ti kọ àgbéyẹ̀wò yìí bí kì í bá ṣe ti àpò kan tí mo rí lábẹ́ bẹ́ǹṣì ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà láti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì títì, kò sì ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí mo fi padà dé. Ọkọ̀ mi ṣì wà lórí jákì bí mo ṣe fi í sílẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni mo rí níbi tó yẹ kí páìpù wà. Kátálíìsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ọ̀kan nínú méjì tó ń sọ èéfín olóró ẹ́ńjìnnì di èyí tó sàn kí ó tó jáde, ti kúrò níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan dúró ti bẹ́ǹṣì, ó ń fi gìgísẹ̀ ti nǹkan wọlé díẹ̀díẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára mi. Mo ní kí ó yà fún mi. Mo fa nǹkan náà jáde: àpò oúnjẹ ẹja oníkílò 15 ni, ọ̀kan nínú àwọn òfìfo tí mo kó sẹ́yìn ọkọ̀ mi, wọ́n sì ti fi wáyà di ẹnu rẹ̀ mọ́ páìpù tí ìdajì rẹ̀ yọ síta. Lẹ́nu géètì, ọkùnrin kan jókòó sórí ọ̀kadà, ó ń ka owó.

Oúnjẹ ẹja ni mo ń tà. Píkọ́ọ̀pù Toyota Tundra ọdún 2004 ni mo fi ń kó o láti Òdògùnyàn lọ fún àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní ọ̀nà Ìtóìkín títí dé Ẹ̀pẹ́, àpò 40 lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó jẹ́ kílò 600. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì lágbára mọ́ bí a bá ti di ẹrù sí i. Iná ẹ́ńjìnnì tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú, ó ń tàn, ó ń kú, kí ó tó wá dúró gbagidi. Èmi rò pé èyí tó dúró gbagidi ló burú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ṣíṣẹ́jú yẹn gan-an ni ìkìlọ̀ tó le jù, nítorí ó túmọ̀ sí pé iná kò ta dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì, pé epo bẹntiróò tí kò jó ń ṣàn lọ sínú kátálíìsì, pé ibẹ̀ ni yóò ti jó, yóò sì máa yọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àṣìṣe ọkọ̀ wò ó. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ yá, ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ọ̀pọ̀ tí mo ti rí láti Ṣábó dé Agríìkì, kò sì béèrè kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò náà. Ohun tó bí mi nínú ni pé ọmọ àbúrò mi tó bá mi wa ọkọ̀ wá, ọmọ ọdún 22, ni ó kọjú sí tó ń ṣàlàyé fún, bí ẹni pé èmi wá ta gúgúrú ni. Kóòdù àṣìṣe méjì ni ẹ̀rọ náà gbé jáde, mo sì rí wọn: P0420 àti P0303. Ó fi ìka lé ti àkọ́kọ́, ó ní, “Ọ̀gá mi, kátálíìsì ti kú. Kátálíìsì méjèèjì ni ká yọ dànù. A ó jó páìpù gbọọrọ mọ́ ọn, ọkọ̀ yóò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n kò sì ní gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.” Mo bi í pé kí ni P0303. Ó ní, “Àlàájà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kátálíìsì náà ló fà á.” Mo ní kí wọ́n dúró, kí n lọ kírun ná, kí n ronú sí i. Ó dà bíi pé ọmọ àbúrò mi mi orí sí nǹkan kan tí wọ́n sọ lẹ́yìn tí mo lọ, orí tó mì yẹn ni wọ́n sì sọ di àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn ló yẹ kó ta mí lára. Mẹkáníìkì tó ní òun yóò ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ ẹni ti rí ohun tí òun yóò jẹ níbẹ̀. Irin iyebíye mẹ́ta, platinum, palladium àti rhodium, ni wọ́n fi ra ohun tó dà bí afárá oyin nínú kátálíìsì lára, wọn kò sì pọ̀ láyé. Ní ọdún 2021, òǹsì kan rhodium fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 dọ́là. Ó ti wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ jalè. Ní Amẹ́ríkà, òru ni àwọn olè fi ń wọ abẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ gé e, píkọ́ọ̀pù sì rọrùn fún wọn nítorí pé ó ga, wọn kò nílò jákì. Tèmi kò tilẹ̀ ní òru nínú. Ọ̀sán gangan ni, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ bá wọn.

Mo pariwo. Mo pariwo débi pé ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ṣọ́ọ̀bù dìde dúró. Ọlọ́kadà náà ti ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀, ó sì lọ. Ọ̀gá jáde wá, ó ń nu ọwọ́, ó ní, “Ẹ má bínú, Àlàájà, ọmọ iṣẹ́ ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.” Ọmọ náà wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀, kò fọhùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ n kò dá ariwo dúró.

Mo ti ń pe ẹni tí yóò wá fa ọkọ̀ náà lọ nígbà tí àgbàlagbà kan tó ní ahéré tirẹ̀ nínú ọgbà kan náà wá bá mi. Bàbá Réwáyà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ní, “Ìyá wa, ẹ fi orí jìn wọ́n, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan yìí ká tó sọ pé ó kú.” Ó kọ́kọ́ kọjú sí ọ̀gá, ó sọ̀rọ̀ kan sí i ní etí tí n kò gbọ́, ojú ọ̀gá sì yí padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà yẹn títí di ìrọ̀lẹ́ ni n kò tíì rí irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kankan.

Ó tú wáyà ẹnu àpò náà fúnra rẹ̀, ó mi kátálíìsì náà sí etí mi, kò sí ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Ó fi tọ́ọ̀ṣì tàn án, ó ní kí n dijú kan kí n fi ìkejì wò ó. Ihò wínníwínní ló tò síbẹ̀ bí afárá oyin, gbogbo rẹ̀ dúró ṣánṣán, àfi igun kan tó ti yọ́, tó sì dúdú, kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Ó ní ibẹ̀ ni epo tí kò jó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó ní kí wọ́n dá a padà sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Lẹ́yìn náà ni ó wá bọ́ sí orí P0303 tí wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. Ó ní 3 tó wà níparí rẹ̀ ni nọ́ńbà yàrá ẹ́ńjìnnì tí iná kò ti ta, pé nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni ìkẹta wà, ẹ̀gbẹ́ kan náà tí P0420 ń ké fún. Ó yọ kọ́ìlì ìkẹta, ohun tó ń mú kí iná ta nínú yàrá náà, ó fi í sí ìkarùn-ún, ó gbé ti ìkarùn-ún wá sí ìkẹta, ó ní kí ọmọ àbúrò mi ta iná sí ọkọ̀ kí ó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fi ẹ̀rọ wò ó, P0305 ló jáde. Mo rẹ́rìn-ín láìrò ó tẹ́lẹ̀. Àrùn náà ti bá kọ́ìlì rìn láti yàrá kan lọ sí òmíràn, kò sí mẹkáníìkì tó tún lè bá mi jiyàn. Kọ́ìlì tuntun jẹ́ ₦22,000.

Ó ku bóyá kátálíìsì náà dí. Bàbá tú sẹ́ńsọ̀ tó ń yẹ èéfín wò níwájú kátálíìsì, ó yí géèjì tó ń wọn agbára tí èéfín fi ń ti padà sí ojú ihò rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sinmi, ọwọ́ géèjì kò dé 1 psi. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ó dúró ní nǹkan bí 2. Ó ní tí ó bá ń lọ sí 3 ní irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Ó ṣàlàyé fún èmi, kì í ṣe fún ọmọ àbúrò mi, pé P0420 kò sọ pé ohunkóhun dí: sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ló ń fẹjọ́ sùn pé èéfín tó ń jáde kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wọlé, pé kátálíìsì kò sọ èéfín olóró di afẹ́fẹ́ tó sàn tó bó ṣe yẹ mọ́. Páìpù tó ń jò lè fa ẹjọ́ kan náà. Ó ní bí mo bá ra tuntun kí wọ́n tó pààrọ̀ kọ́ìlì, epo yẹn ni yóò tún jẹ ẹ́.

Owó tí wọ́n dá lé kátálíìsì tuntun jẹ́ ₦210,000 fún ọ̀kan, tokunbọ̀ sì jẹ́ ₦150,000, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tó kù nínú tokunbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irú tuntun olówó pọ́ọ́kú kì í ní irin iyebíye tó èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní California sọ fún mi lórí fóònù pé bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni, n kò ní lè yàn: bí ọkọ̀ kò bá yege àyẹ̀wò èéfín, ìwé rẹ̀ kò ní ṣeé sọ dọ̀tun, irú kátálíìsì tí ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi sí i. Èmi pinnu pé n kò ní rà, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó páìpù gbọọrọ mọ́ ọn. Èmi ni mò ń jókòó sínú ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣábó.

Kí n tó lọ, ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi rọ̀. Ó wá fún mi ní ìwé owó, mo sì rí i lórí rẹ̀ pé mo jẹ ₦3,500 fún gásíkẹ́ẹ̀tì àti ₦6,000 fún bóòtù mẹ́ta tó ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń tú kátálíìsì mi láìjẹ́ kí n mọ̀. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní, “Àlàájà, ọjà ni, èmi náà rà á ni.” Mo san án, nítorí pé ó ti rẹ̀ mí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Iná ẹ́ńjìnnì kò tàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ó tàn padà, P0420 nìkan, kò ṣẹ́jú. Mo padà lọ, Bàbá fi géèjì wò ó, ó ṣì dúró ní 2, kò sì gbowó. Ọkọ̀ ń kó àpò 40 dé Ẹ̀pẹ́ láìgbọ̀n. Iná náà ń tàn bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti yan ọjọ́ kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta tí n óò máa lọ kí wọ́n fi géèjì wò ó, n kò sì ní kúrò níbẹ̀ lọ kírun mọ́ àfi tí mo bá ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tí ọkọ̀ sì ti wà lórí ilẹ̀.

Máàkì: 2 nínú 5. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni mo tún ń gbé e lọ síbẹ̀, kí Bàbá Réwáyà lè bá mi pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo sì ti sọ fún ìyàwó àbúrò mi kí ó máa gbé tirẹ̀ bọ̀.