Iṣẹ́ Ìlera Yunifásítì Ìbàdàn ní Ìbàràpá: Ohun tí Mo Rí ní Igbó-Ọrà

Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé iṣẹ́ ìlera kan kalẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ìlú kan ní agbègbè Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ti ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbé láàárín ìlú, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kó tó di ohun tí à ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè irú àjọṣe tó yẹ kó wà láàárín yunifásítì àti ará ìlú, iṣẹ́ yìí ni màá kọ́kọ́ tọ́ka sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ibi tó kù sí.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ọmọbìnrin kan nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà náà wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó kí màmá kú ilé, ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, kò sì mú ìwé kankan jáde títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ọmọ tán. Ìgbà tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, tó rí i pé ó ga, ló tó béèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Màmá tú etí ìró wọn, wọ́n sì mú oògùn oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jáde nínú ọ̀rá. Ó ṣì kù púpọ̀, nítorí pé ìgbà tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lò ó. Ọmọ náà kò bá wọn wí. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo kó tó ṣe èèyàn léṣe, mà. Tí ẹ bá ti mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán, kí ẹ lò ó, lójoojúmọ́.” Ó padà wá ní ọjọ́ kẹrin, ó ka èyí tó kù. Dókítà tó jókòó sẹ́yìn tábìlì kò lè rí etí ìró yẹn láéláé.

Àwọn àgbà Ìbàràpá kò sì tíì gbàgbé sòbìà, aràn tó máa ń yọ láti ara ènìyàn. Ní Ìdèrè, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, nígbà náà, àìsàn yìí a máa dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko gan-an, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé inú ara ènìyàn ni sòbìà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú omi adágún ló ti ń wá: kòkòrò tíntìntín inú omi ló ń gbé ọmọ sòbìà mì, ẹni tó bá mu omi náà yóò sì rù ú fún bí ọdún kan kó tó yọ lẹ́sẹ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn ará ìlú tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ jọ ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì mú aṣọ asẹ́ dé abúlé kí àwọn ènìyàn lè máa sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Àwa tí a máa ń sọ pé kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí, a wá mọ̀ pé asẹ́ ló yẹ ká ti kọ́kọ́ ké sí. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Kì í ṣe Ìbàràpá nìkan ló ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn wà níbẹ̀.

Mo mọ ìyàtọ̀, nítorí pé àwọn olùwádìí láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ti wá sí àdúgbò tí mo ń gbé rí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù, wọ́n fún wa ní ọṣẹ kọ̀ọ̀kan. Di òní, kò sẹ́ni tó padà wá sọ ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ wa fún wa.

Ní ti Igbó-Ọrà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò tó. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá ti mọ ilé tán ni wọ́n ń lọ, tí àwọn tuntun á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń lọ fa ilé tó ń bẹ̀ wò lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ lójúkojú. Ohun tí wọ́n bá sì rí nínú ìwádìí wọn, kí wọ́n máa fi Yorùbá sọ ọ́ sétí ìlú, ní ààfin àti ní ọjà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé ọjà tí wọn kì í lọ.