Sẹ́ńsọ̀ oòrùn tí a rà fún sátẹ́láìtì wa, digíríì 0.5 wo lẹ ń sọ gan-an?

Inú ń bí mi gan-an lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí o, torí aago méjì òru la kúrò ní láàbù. Sátẹ́láìtì kékeré làwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ní yunifásítì níbí ní UK, sẹ́ńsọ̀ yìí ló máa wo oòrùn kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí sátẹ́láìtì kọjú sí. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnnì.

A gbé e sórí tábìlì tó ń yí, a tan iná sí i bí oòrùn. Tí iná bá wà níwájú ẹ̀ gan-an, ó dáa, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé digíríì 50 báyìí ni Kalman filter wa (ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń pinnu ibi tí sátẹ́láìtì kọjú sí, tó sì ń da ìwọ̀n tí kò bá gbà gbọ́ nù) bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ ẹ̀ nù, torí àṣìṣe digíríì 0.5 tó wà nínú datasheet, ìwé àlàyé tí kọ́ńpìnnì kọ nípa sẹ́ńsọ̀, la kọ síbẹ̀ fún gbogbo igun, a sì lo àwòṣe àṣìṣe tí wọ́n ń pè ní QUEST, ti Shuster àti Oh, 1981, tó ka àṣìṣe sí róbótó yíká oòrùn. Ìyẹn dáa fún kámẹ́rà ìràwọ̀ tí ojú ẹ̀ ò fẹ̀. Tiwa yìí ń wò dé digíríì 60, tó bá dé ẹ̀gbẹ́, àṣìṣe ẹ̀ gùn lápá kan, ó kúrú lápá kejì, bí ẹyin.

Mo kọ ímeèlì sí kọ́ńpìnnì náà: ṣé sigma (ìwọ̀n bí àṣìṣe ṣe ń fọ́n ká) kan ni 0.5 yìí àbí mẹ́ta? Ṣé àárín ni àbí ẹ̀gbẹ́? Ṣé èyí tó ń gbọ̀n ni, àbí èyí tó dúró sójú kan, tó jẹ́ pé téèyàn bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀ẹ̀gbẹ̀rún kò ní lọ? Wọ́n tún fi datasheet kan náà ránṣẹ́. Mo kọ òmíì, wọ́n ní 0.5 ni 0.5. Ẹ gbà mí o!

Ẹ̀ẹ̀kẹta, obìnrin ẹnjiníà kan níbẹ̀ fúnra ẹ̀ pè mí, ogójì ìṣẹ́jú la fi sọ̀rọ̀. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, gbogbo igun ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n fi rí 0.5. Ó fi téébù ti sẹ́ńsọ̀ wa gan-an ránṣẹ́, igun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àṣìṣe tiẹ̀, ó tún rán mi létí pé ayé ń dá nǹkan bí 30% ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, iná láàbù ò lè fi ìyẹn hàn wá. A fi téébù yẹn sínú filter lálẹ́ ọjọ́ náà, a yí i dé 60, kò da ẹyọ kan nù. Mo fò sókè!

A ti ní kí wọ́n kó méjì sí i wá. Ṣùgbọ́n inú páálí ló yẹ kí téébù yẹn ti wà láti ọjọ́ kìíní. Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5.