Súwíìṣì fọ́ọ̀wíìlì tí mo rà ní Ládípọ̀

«Ọ̀gá, súwíìṣì ni súwíìṣì, bó bá ti wọ ihò rẹ̀, ó parí.» Ohun tí ọmọ ìtajà náà sọ fún mi nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ló sì bí mi nínú tí mo fi ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí, nítorí pé irọ́ ni, ó sì ń ná àwọn onímọ́tò lówó.

Lóòótọ́ ni súwíìṣì náà wọ ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí i sí 4H, ipò tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń gba agbára, iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kàn ń ṣẹ́jú, táyà iwájú kò sì gba agbára kankan. Mo padà lọ bá wọn. Wọ́n ní mọ́tò, ẹ̀rọ kékeré oníná tó ń yí jíà fọ́ọ̀wíìlì, ló bàjẹ́, pé kí n ra òmíràn. Mo kọ̀ jálẹ̀.

Rẹwáyà mi kó súwíìṣì méjèèjì sórí tábìlì, ó fi mítà kan ẹsẹ̀ wọn. Ti àtijọ́, tí orí rẹ̀ nìkan fọ́, ń fi ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) tó yàtọ̀ hàn ní 2H (táyà méjì), 4H àti 4L (táyà mẹ́rin, jíà alágbára fún eré díẹ̀). Tuntun náà fi òdo hàn ní ipò kan, kò sì fi nǹkan kan hàn ní méjì yòókù: kò sí rẹsísítọ̀, ohun tó ń dín iná kù, nínú rẹ̀ rárá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí pé nínú irú ọkọ̀ tèmi, súwíìṣì kì í gbé iná lọ sí mọ́tò. Ẹ̀bẹ̀ lásán ló ń bẹ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà ń wo iye iná tó padà wá láti fi mọ ohun tí awakọ̀ fẹ́, ó ń gba ìròyìn eré ọkọ̀ lórí wáyà CAN méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí Bosch ti Jámánì gbé jáde ní 1986, kò sì ní gbà fún 4L bí jíà kò bá sí ní N, ìyẹn níúúrà. Ìgbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ló tó fún mọ́tò níná, sẹ́ńsọ̀ ara mọ́tò á sì jíṣẹ́ ibi tó dé.

Mo padà lọ pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ mi tán, ó gbé nọ́ńbà ẹ̀yìn súwíìṣì méjèèjì síra wọn, ó rí i pé lẹ́tà ìkẹyìn wọn kò bára mu, ó ní, «Ẹ má bínú, ọ̀gá mi,» ó wá èyí tó bá a mu jáde, kò gba kọ́bọ̀ lé e, ó sì ní kí rẹwáyà fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, 4H ń wọlé wẹ́rẹ́, iná rẹ̀ kì í ṣẹ́jú mọ́. Kìkì pé wọn kò fún mi ní rìsíìtì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọ̀dọ̀ ìyá náà ni n ó ti ra sẹ́ńsọ̀ táyà iwájú lóṣù tó ń bọ̀.