Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra lẹ́ǹsì 70-200 ní Ifẹ̀: ọ̀dà ni wọ́n fi kọ "II" yẹn

Ẹ̀yin ayàwòrán Ifẹ̀, àti ẹ̀yin ọmọ OAU tí ẹ ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ lè ra lẹ́ǹsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ó ku bí oṣù kan kí a ṣe Ọlọ́jọ́ nígbà tí mo ra Canon EF 70-200mm f/2.8L IS II, tókúnbọ̀ ni, 950,000 náírà. (IS ni ohun tí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n; II túmọ̀ sí pé ẹ̀dà kejì ni.) Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi. Mayfair la ti pàdé, ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sì síná. (Òun ló mú àsìkò yẹn. N kò fura.) Mo fi sí kámẹ́rà, ó ṣiṣẹ́. Mo yẹ gíláàsì rẹ̀ wò bóyá ó ti bu, kò sí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀. Mo tan iná fóònù sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, mo rí "IS II" gbàgàdà. Mo sanwó.

Ọjọ́ tí Ọọ̀ni dé Adé Ààrẹ lọ sí Òkè Mògún ni àṣírí tú. Ẹ mọ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ níbẹ̀: ẹni tí kò bá ní lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan mọ́ra láti òkèèrè, ìpàkọ́ èèyàn ni yóò yà bọ̀. Mo fa tèmi dé 200, mo ṣí i sí 2.8, ibi tó ti ń gba ìmọ́lẹ̀ jù. Nígbà tí mo wo àwọn àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà, ó dà bí ìgbà tí èèyàn mí sára gíláàsì. Ìlẹ̀kẹ̀ ara adé lẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, ohun tó dúdú ò dúdú tán. Mo ní ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Mo wá ṣí àlàyé tí kámẹ́rà máa ń kọ mọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan: EF70-200mm f/2.8L IS USM. Kò sí II níbẹ̀.

Mo gbé lẹ́ǹsì bọ́ sóòrùn, mo fi èékánná ha II ara rẹ̀. Ó ṣí.

Èyí tó jáde ní 2001 ni wọ́n tà fún mi. 2010 ni II jáde. Ti 2001 kì í ṣe lẹ́ǹsì burúkú o, ká ní iye tirẹ̀ ni mo san. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fà á dé 200 tí ẹ ṣí i sí 2.8, II mú jù ú lọ dáadáa. Wọ́n sì jọra bí ìbejì: funfun ni méjèèjì, 77mm ni ẹnu wọn, ìwúwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibẹ̀ ni gbájúẹ̀ ti rí ààyè.

Bọ́tìnì tó wà lókè pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì ni kí ẹ wò; ibẹ̀ ni wọ́n kọ bí nǹkan ṣe lè sún mọ́ lẹ́ǹsì tó kó ṣì hàn kedere. Tó bá jẹ́ 1.4m ni wọ́n kọ síbẹ̀, ti 2001 ni, ohun yòówù kí orúkọ ara rẹ̀ máa sọ. II ń kọ 1.2m, III tó jáde ní 2018 náà ń kọ 1.2m. Tí ẹ bá rí 1.5m, èyí tí kò tilẹ̀ ní IS rárá nìyẹn. Kí ẹ sì gbé kọ̀ǹpútà dání, kí ẹ ya àwòrán kan, kí ẹ ka orúkọ tó wà lára fáìlì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń ta f/4, tí ojú rẹ̀ kì í ṣí tó ti 2.8, fún àwọn ọmọ iléèwé pé 2.8 ni. Ìyẹn ò ṣòro láti dá mọ̀: nínú àwọn EF 70-200, kò sí f/4 tí ẹnu rẹ̀ tó 77mm, èyí tí kò ní IS nínú wọn ò sì ju 705 gíráàmù lọ, kò tó ìdajì II.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni tó ta lẹ́ǹsì fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò yàwòrán ni?" Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní ọjà tí mo ti rà, mo ti rà á nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ìpè mi ò wọlé sí i mọ́.

Fóònù àbúrò mi ni mo fi wo status rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ó tún ti gbé òmíràn síbẹ̀, "IS II, kò ní àbùkù kankan." Mo fi ìka fẹ àwòrán náà lójú títí mo fi rí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 1.4m.